Má Ṣe Gba Basheerah Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ̀

                                        Agbolé Bàbá Mùstàphá,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Limawa,
                                        Minna,
                                        Ìpínlẹ̀ Niger.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, 2025.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Àmọ̀kẹ́,

Mo kí ọ o, ìwọ obìnrin Ọ̀ffà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu, àbí ó ṣì ń bá ọ jà ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ dìde lórí ìrun? Alhaji ọkọ rẹ ńkọ́? Sọ fún un pé mo ní kó rọra máa jẹun, kó má baà tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, ewúrẹ́ rẹ tó máa ń jẹ aṣọ lórí okùn ńkọ́? Bí ara gbogbo yín bá le, tèmi náà le, àfi pé ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àìsàn. Ọyẹ́ ń parí lọ níbí, eruku ti wọ̀ mí lọ́fun, mo ń wúkọ́ bí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikọ́ ló rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí níbi tí àbóníkì ò lè dé.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò tẹ̀ ọ́ láago. Àmọ̀kẹ́, fóònù rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ ti kọ́ ọ ní sípíkà, bí mo bá sì ní "ẹ ǹ lẹ́" lásán, gbogbo agbolé ló ń dá mi lóhùn. Tèmi náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí etí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi yá bíírò, tí mo sì jókòó sábẹ́ igi dọ́ngóyárò láti fi ìwọ̀nba ìwé tí mo kà kọ èyí sí ọ. Àbdùlwàhídù ọmọ rẹ ló máa mú un bọ̀ bó ti ń padà sílé lọ́la. Má ní kó kà á fún ọ o. Wọ gíláàsì rẹ, wọ yàrá, kà á fúnra rẹ. Mo mọ̀ pé o lè kàwé. Ojú lo máa ń purọ́ mọ́ nígbà tí ọ̀lẹ bá dé.

Ọ̀rọ̀ Basheerah, ọmọ ọmọ mi, ni. Abdulrahman bàbá rẹ̀ ti sọ fún ọ pé òun máa gbé e wá bá ọ ní Sátidé yìí, kó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ títí Yorùbá fi máa yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ pé o ti tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ dè é, o sì ti ra bàsíà ìwẹ̀ pupa. Ó dára, ọmọ ìyá mi, Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ̀. Mo fẹ́ kí o kọ̀ fún un lójú ara rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

O mọ ilé wa. Àwọn ọmọ tí a bí sí Minna, Hausa ni wọ́n fi ń lálàá. Abdulrahman tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì lónìí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ bínú sí mi ní kékeré, Hausa ló fi bú mi. Mo ní kó tún un bú ní Yorùbá kí n lè rí ìdí nà án dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí Basheerah ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, a ti ní àlàyé nílẹ̀. Hausa ló ń gbọ́ lẹ́nu Ràhímátù, arábìnrin tó ń din kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà wa. Yorùbá ló ń gbọ́ lẹ́nu èmi, Òyìnbó lẹ́nu Khàdíjàt ìyá rẹ̀. A ní èdè ló pọ̀ jù, wọ́n ń ti ara wọn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Bí a bá pè é tí kò dáhùn, a ní orúkọ ló pọ̀ jù: èmi ń pè é ní Ìyàwó mi, Ràhímátù ń pè é ní Amarya, ìyàwó náà ni ní Hausa, bàbá rẹ̀ ń pè é ní Mọ́mì, ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pè é ní Basheerah. Ta ló máa mọ èwo ni kó jẹ́? Àlàyé náà dùn. Àwọn àlejò pàápàá á gbà á, wọ́n á tún mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan wá tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, tó sì di lọ́yà lónìí. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó gbogbo lọ́yà yẹn sí.

Ìgbà tó yá, Abdulrahman ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ọmọ òun sọ Hausa mọ́. Ó lọ sọ fún Ràhímátù bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń fún ọmọ rẹ̀ ní kòsáì gbígbóná láràárọ̀!

Ràhímátù wò ó láti òkè délẹ̀. "Haba, Abdul! Èdè tí mo fi tọ́ ìwọ fúnra rẹ lẹ́nu ọ̀nà yìí, ọjọ́ wo ló di àrùn?"

Ó bínú, ó gbé agbada rẹ̀ kọjá sí òdìkejì títì. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi ń la àárín kẹ̀kẹ́ kọjá báyìí kí n tó jẹ kòsáì, nítorí òfin ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí. Ọmọdé tí n kò bá tíì yọ lẹ́nu, n kò tíì gbà pé ó ti dé. Mo máa ń na bísíkíìtì sí ọmọ, bó bá ti fẹ́ mú un, n ó fà á sẹ́yìn. Ọmọ á wo bísíkíìtì, á wá gbójú sókè wo ojú mi. Ojú yẹn ni mo ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá eré ni mò ń ṣe tàbí ìkà. Gbogbo ọmọ ló ń ṣe é. Ìwọ náà ṣe é ní kékeré, lẹ́yìn náà lo gé mi jẹ.

Àmọ̀kẹ́, Basheerah kò wo ojú mi rí.

Bí mo bá fa bísíkíìtì sẹ́yìn, ọwọ́ ló máa tẹ̀ lé. Á gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, á darí ọwọ́ mi bí ẹni mú ṣíbí, kò ní wò ó pé èèyàn kan wà nídìí ọwọ́ náà. Bó bá fẹ́ omi, á wọ́ ọwọ́ mi lọ síbi kúlà, á gbé e lé ẹnu rẹ̀. Kò fi ìka han èèyàn ní nǹkan kan rí, bóyá ẹyẹ tàbí ọkọ̀. Bí mo bá pè é ní ìyàwó mi, kò ní sá, kò ní bú mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nígbà tí wọ́n tó báyìí, wọ́n á ní, "A ò fẹ́ yín, Bàbá, ẹ ò léyín!" Òun á kàn máa to bàtà rẹ̀ lọ.

Bàtà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí àlejò bá bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà, á tò wọ́n sídìí ògiri, imú wọn á kan ògiri, ìlà wọn á gún ju sọ́fù ìrun lọ. Bí àlejò bá wá fẹ́ lọ tó yọ tirẹ̀, igbe tó máa ké, àlejò á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ lásán relé. A máa ń rẹ́rìn-ín. A ní ladánì la bí. Bí wọ́n bá sì tan jẹnẹrétọ̀, á di etí, á gbá ara mọ́lẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ti sọ̀rọ̀ rí. Nígbà tó ń kọ́ ìrìn, ó ń pe "Baba," ó ń sọ pé "ruwa" bó bá fẹ́ omi, ó ń juwọ́ "báì-báì." Wọ́n wá ń dín kù bí ohùn rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ ọjọ́ tí èyí tó gbẹ̀yìn lọ.

Mo sọ ọ́ nígbà tí a ń jẹun. Mo ní, "Abdulrahman, ọmọ yìí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá èdè."

Ó dá ọwọ́ dúró, ó ń retí ibi tí ẹ̀rín máa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí kò rí i, ó fi tirẹ̀ sí i: "Bàbá, ojú yín ló ń bà á lẹ́rù."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó dáa, ọmọ mi ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹun mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, mo wá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo tún un sọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Ràhímátù kọjá wá láti òdìkejì títì, ó gbé kúnú wá. Ó ní òun bá Abdul jà ni, òun ò bá tsoho jà. Tsoho, arúgbó, èmi nìyẹn. Ó gbé Junaid ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọdún kan, tó ń ṣubú bó bá ti gbẹ́sẹ̀, sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Basheerah. Khàdíjàt jókòó, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kò sí nǹkan kan lọ́kàn mi ju ìwà mi lọ. Mo na ìka sí òrùlé, mo ní, "Wo ológbò!"

Kò sí ológbò kankan níbẹ̀. Junaid ò sì gbọ́ Yorùbá bó ti wù kó kéré mọ. Ṣùgbọ́n ó wo ìka mi, ó wo òrùlé, ó wá yí ojú padà wò mí. Ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá na ìka tirẹ̀ sí òrùlé kan náà, ó ń wo ìyá rẹ̀ àgbà, ó fẹ́ tan ìyẹn náà jẹ. Ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn!

Basheerah kò gbórí sókè.

Mo sọ ọ́ ní Hausa: "Ga mage!" Kò gbórí sókè. Mo pè é ní gbogbo orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rárá. Mo wá dákẹ́, mo lọ sẹ́yìn rẹ̀, mo rọra fún ọ̀rá bísíkíìtì lápò mi, kó dún ṣẹ́kẹ́. Ó yíjú lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ Khàdíjàt dúró nínú ìrẹsì. "Etí rẹ̀ gbọ́," ó ní.

"Etí rẹ̀ gbọ́."

"Bàbá, ẹ dákun, tó bá ṣe pé ẹ ń ṣeré, ẹ sọ fún mi."

Mo ní n kò ṣeré. Ràhímátù ní, "Allah Sarki," ó sì gbé Junaid mọ́ra bí ẹni pé ọmọ náà ti ṣẹ̀ wá.

Khàdíjàt wá ń sunkún láìdún. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ti ń sọnù lẹ́nu ọmọ, àmọ́ bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á ní òun ló fà á. Mo bi í pé ta ló máa ní bẹ́ẹ̀. Ó kàn wò mí.

Ìwọ ni, Àmọ̀kẹ́. N kò ní fi pamọ́ fún ọ. Rántí ìgbà tí o pè láti Ọ̀ffà, tí o ní, "Ìyá tó ń lọ síṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló máa kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ?" Sípíkà wà lórí. Khàdíjàt ló ń gbé ọbẹ̀ wọlé nígbà náà. Ó gbé e kalẹ̀, ó bù fún gbogbo wa, ó jáde. Èmi náà mọ̀ pé o ò fi ibi sọ ọ́. Òun ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Khàdíjàt gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Abdulrahman ní òun ní ìpàdé. Kẹ̀kẹ́ tó gbé wa ń fun fèrè bí ẹni tí wọ́n sanwó fèrè fún, Basheerah ń ké, ó di etí, àwọn èèyàn ń wò wá, wọ́n ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. A tò títí ìdí mi fi kú. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe etí. Wọ́n wá ní ká wọlé sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀bùn, ó kéré débi pé mo bi í pé bàbá rẹ̀ dà. Mo ní bí kò bá tíì lọ́kọ, èmi wà ńlẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ìyàwó yín ló ń tú báàgì mi yẹn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀ ná." Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà, ó ń bi wá léèrè. Ṣé ó máa ń fi ìka han yín ní nǹkan? Bí ẹ bá pè é lórúkọ, ṣé ó máa ń yíjú? Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín sí i, ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín padà? Ṣé ó máa ń fún bèbí lóúnjẹ jẹ bí eré? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ tí kò sọ mọ́? Bí ó ti ń béèrè, Khàdíjàt ń tẹ orí ba síwájú sí i. Dókítà pe orúkọ ohun tó ṣe ọmọ náà fún wa: ọ́tísímù. Ó ní ọmọ náà kì í ṣe odi, orí rẹ̀ ò sì bàjẹ́, ọpọlọ rẹ̀ ló ń gba ayé wọlé lọ́nà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe bí i. Ó ní iṣẹ́ ìyá rẹ̀ kọ́ ló fà á, kì í ṣe ọwọ́ aráyé. Mo bi í nípa èdè. Ó ní ọmọ lè gbọ́ èdè mẹ́ta kó sì sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìlú yìí kún fún wọn, èdè kì í di ojú ọmọ kó má lè wo ojú èèyàn. Ó ní ọmọ tó bá ń lọ sí ọdún méjì tí kò na ìka sí nǹkan, tí kò yíjú sí orúkọ rẹ̀, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti ní bá ń sọnù, kí wọ́n má dúró wò ó, kí wọ́n gbé e wá. Àwa dúró wò ó.

Mo ní ṣé ó máa sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè búra. Àwọn kan ń sọ ọ́ dáadáa, àwọn mìíràn díẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ọ̀nà mìíràn sọ tinú wọn. Ó ní ohun tó dá òun lójú ni pé kíkọ́ wọn láti kékeré máa ń ṣe wọ́n lóore ju dídúró lọ. Ó ní ká tún lọ rí àwọn àgbà dókítà ní Àbújá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì fi wá mọ obìnrin olùkọ́ kan ní Kpakungu tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí olùkọ́ náà fi lé wa lọ́wọ́ kò ju eré lọ. Ká jókòó sílẹ̀ kí ojú wa àti tirẹ̀ dọ́gba, ká bá a ṣe ohun tó fẹ́ràn, ká máa sọ ọ̀rọ̀ kékeré sí i, ká dúró dè é. Àwọn tí ọmọ náà mọ̀ ni kó máa ṣe é, lójoojúmọ́, níbi tó ti mọ́ ọn lára. Nítorí náà èmi náà ń to bàtà báyìí. Mo ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárọ̀, a máa ń wá ẹni tó máa gbé mi dìde. Ojú mi ti ń ro mí níbi tí mo ti ń wá ojú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré ló wò mí, bóyá eṣinṣin ló ń wò, n kò mọ̀. Mo ti so ìrètí mọ́ ọn.

Abdulrahman ò gbà. Mo sọ fún un, ó ní, "Bàbá, ọmọ mi ò ya wèrè." Mo ní ta ló pè é ní wèrè. Ó ní Ọ̀ffà ni òun máa kọ́kọ́ gbé e lọ, kó gbọ́ èdè kan ṣoṣo títí Sallah kékeré fi máa kọjá, bí kò bá sọ̀rọ̀ nígbà náà, òun á wá wo ti ọsibítù. Má rò pé ìkà ni. Mo rí i lánàá lẹ́yìn ìrun àláàsàrí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò mọ̀ pé mo wà níta, ó ń pe ọmọ rẹ̀. "Mọ́mì. Basheerah. Mọ́mì." Ohùn rẹ̀ ń rọ̀ sí i. Ó wá pè é ní "Amarya," ní Hausa tó ti fòfin dè. Ọmọ náà kò yíjú. Abdulrahman bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká aṣọ ọmọ náà sínú báàgì.

N kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi. Bí mo bá pariwo, á rò pé eré ni. Khàdíjàt ò lè bá a jà, ó ti rẹ òun náà. Ìwọ lo pọ̀n Abdulrahman nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan ló máa ń gbọ́. Bó bá gbé Basheerah kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti lọ́wọ́ olùkọ́ yẹn, tó gbé e sáàárín èrò tí kò mọ̀, gbogbo oṣù yẹn ló máa lọ lásán, ọmọ náà ò sì ní oṣù tó pọ̀ láti fi ṣòfò.

Nítorí náà, tí wọ́n bá dé ní Sátidé, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, fún wọn lóúnjẹ, jẹ́ kí wọ́n sùn. Má kánjú láti gbé ọmọ náà, jẹ́ kó kọ́kọ́ wo ilé. Bó bá wá di àárọ̀, pe Abdulrahman sápá kan, sọ fún un pé o ò lè gbà á. Yóò bínú sí ọ. Jẹ́ kó bínú. Bó bá sunkún, jẹ́ kó sunkún lọ́dọ̀ rẹ, nítorí kò lè sun ún níwájú mi. Lẹ́yìn náà kí o pe Khàdíjàt, kí ìwọ nìkan gbé fóònù sétí, kí o sọ fún un pé ọmọ ń bọ̀ wá bá a, àti pé kì í ṣe òun ló fà á. Jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Bá mi kí Alhaji, kí o kí àwọn ọmọ, kí wọ́n bá mi kí gbogbo ará Ọ̀ffà tó bá ṣì rántí mi. Ràhímátù ní kí n kí ọ. Ààwẹ̀ ti fẹ́ dé, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i, á jẹ́ ká bá a parí.

Àmọ̀kẹ́, n kò ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Mùstàphá